Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Là Ń Sọ: Èébú Nínú Ìtàn Àròsọ Yorùbá



Lọ́dọọdún tí a bá ní kí àwọn ọmọ kọ ìtàn àròsọ fún ìwé ìròyìn yìí, ìbéèrè kan wà tí kì í tán nílẹ̀. Ọmọ kan á kọ ìtàn ìjà, bóyá nínú ọjà, bóyá nínú dáńfó. Ìjà á gbóná. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ á la ẹnu. Kí ni kí ó sọ? Bí ọmọ náà bá kọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa sọ gan-an, òbí kan á ní a ń kọ́ ọmọ òun ní ìsọkúsọ. Bí ó bá sì kọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ẹ ṣe yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn," àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òṣòdì tó máa fi ẹnu jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èmi fúnra mi kò fẹ́ràn ìsọkúsọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí á kàn fagi lé gbogbo èébú tó bá wà nínú ìtàn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní District Heights níbí àti káàkiri Prince George's County, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń jí wọn láàárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́ àmúrelé. Ọjọ́ tí abọ́ bá fọ́ ni Yorùbá máa ń jáde: "Olódo!" "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" "Ọmọ yìí fẹ́ pa mí o!" Yorùbá ìbínú ni wọ́n ń gbọ́ jù. Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìtàn, ọmọ á rò pé Yorùbá inú ìwé kì í ṣe èdè tí wọ́n ń sọ nílé òun. Bí a bá sì jẹ́ kó wọlé láìní ìjánu, á rò pé èdè èébú lásán ni Yorùbá. Ewu méjèèjì ló wà níbẹ̀, èdè tí a fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́ ló sì wà láàárín.

Àwọn tó ṣáájú wa ti bá ọ̀ràn yìí wọ̀jà tipẹ́tipẹ́. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún yín lóṣù yìí.

Ọ̀rọ̀ burúkú kì í ṣe oríṣi kan

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà, "swear", ni wọ́n fi ń pe ìbúra níwájú adájọ́ àti ìsọkúsọ ọmọ ìta. Ẹ̀sìn ló fà á. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tó bá pe orúkọ Ọlọ́run lásán nínú ìbínú, ìbúra asán ni wọ́n kà á sí, ó sì burú jù pípe orúkọ ìhòòhò lọ.

Tiwa yàtọ̀. Ìbúra ni kí ènìyàn fi ohun tó lágbára ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní ìdọ̀tí kankan nínú. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń fi irin Ògún búra, ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Èpè ni kí á fi ẹnu rán ibi sí ènìyàn. Àwọn baba wa gbà pé àṣẹ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n ṣẹ́ èpè fún kì í fi í dákẹ́: "Orí mi kọ̀ ọ́!" ni á kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Èébú ni kí á fi àbùkù kan ènìyàn, kí á bú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwà rẹ̀ tàbí ìdílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rírùn ni kí á máa pe orúkọ ìhòòhò ara àti ọ̀rọ̀ inú yàrá ní gbangba.

Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Ẹ wo "Ìyá ẹ!" Bí ọmọ tí a bí síbí bá fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, "ìyá rẹ" lásán ló gbọ́, kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sí ènìyàn ní ìgboro Ìbàdàn, ìjà dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá mú ìsọkúsọ inú fíìmù Amẹ́ríkà, tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a dọ́gba, á pẹ́ kó tó rí i, nítorí ohun tó ń dun èdè kan kọ́ ló ń dun èkejì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń kọ ìtàn nìyí: kí ó kọ́kọ́ mọ irú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ òun.

Ó ní ọjọ́, ó sì ní ibi

Àwọn baba ńlá wa kò díbọ́n pé ọ̀rọ̀ rírùn kò sí. Wọ́n fún un ní àyè, wọ́n sì pààlà sí i. Nílùú Ìbàdàn, nígbà ọdún Òkèbàdàn tí wọ́n máa ń ṣe ní oṣù kẹta, tí Abọ́kè ń darí ètùtù rẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń kọrin káàkiri ìgboro, orin tí ń dárúkọ ohun tí a kì í dá lórúkọ ní ọjọ́ mìíràn. Wọn kì í wo ojú olówó, wọn kì í wo ojú ìjòyè. Ẹni tí wọ́n fi kọrin á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá tún kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún ọmọlúàbí, ó fẹ́ jà ni.

Ní Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àti láàárín àwọn Yorùbá tó yí i ká, òru Ẹ̀fẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ á gbé agọ̀ bójú, á fi orin nà ẹni tó jalè, ẹni tó ṣe àgbèrè, ìjòyè tó jẹ owó ìlú. Kò sí ẹni tó lè mú un fún ohun tó sọ lóru náà. Iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe. Ní 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àṣà tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún ńkọ́? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Orogún tó fẹ́ bú orogún kejì á máa kọrin nídìí ọlọ, kò ní dárúkọ ẹnìkan, ṣùgbọ́n ẹni tí orin náà ń bá wí kò ní ṣàì mọ̀. Ẹni tí àdúgbò ń fojú tín-ín-rín á sọ ajá rẹ̀ ní orúkọ tó jẹ́ òwe. Lójoojúmọ́ tó bá ń pe ajá yìí wá jẹun, ọ̀tá á gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni. Ọmọdé tó bá sì fẹ́ pa òwe níwájú àgbà á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà: "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Àgbà á dáhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Nínú àwọn òwe wa, àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ inú wọn kò mọ́. Gáfárà yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n lè wọ etí àgbà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ìwé

Ohun tí a fi ẹnu sọ, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé, ọmọ ọmọ wa á bá a níbẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ ń tẹ Yorùbá jáde. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Láti ìgbà náà, ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ló ń ra ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n ra ìwé òun gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu.

Ẹ wá wo ohun tí I. B. Thomas ṣe. Òun ni olóòtú Akéde Èkó. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930, ó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde. Obìnrin yìí ti fẹ́ ọkùnrin tí kò níye, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń ròyìn ayé rẹ̀ kí ó tó kú. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas ló ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà. Ní 1930 ó di ìwé, àwọn onímọ̀ sì ń pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹ rò ó wò. Ìtàn nípa aṣẹ́wó, nínú ìwé ìròyìn tí àwọn onígbàgbọ́ Èkó ń kà nílé wọn! Báwo ló ṣe rí i ṣe? Ẹni tó ń jìyà ohun tó ṣe ló fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Sẹ̀gilọlá ń sọkún, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin, ó ń pa òwe, ó ń mú Bíbélì àti orin ìgboro Èkó wá. Bí ìtàn bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá, òǹkàwé á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n wọn kò ní mú un wọlé. Kò sí ẹni tó ka ìwé náà tí kò mọ irú ayé tí obìnrin yìí jẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dé inú òǹkàwé, ó di odindi.

Ọ̀nà tí D. O. Fágúnwà gbà yàtọ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938 láti ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ní Èkó, olùkọ́ sì ni Fágúnwà. Síbẹ̀ èébú kún inú ìwé rẹ̀. Kí ọdẹ àti iwin tó na ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu jà. Ṣùgbọ́n èébú wọn jẹ́ èébú olójú inú. Ó ń wo bí ènìyàn ṣe rí, ó ń wo ìwà rẹ̀, ó ń fi í wé nǹkan mìíràn, ó ń gùn bíi oríkì. Ọmọdé tó bá kà á á rẹ́rìn-ín, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ rírùn kan mú lọ síta. Fágúnwà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rírùn rọrùn jù, ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́. Èébú tó ní ọgbọ́n nínú ló ń fi hàn pé ẹni tó sọ ọ́ gbọ́ Yorùbá.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí náà bá tirẹ̀ pàdé. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni méjèèjì: Làpàdé tó ti jẹ́ ọlọ́pàá ló ń lépa àwọn ọ̀daràn. Ta ni kò mọ bí ẹnu ọ̀daràn ṣe máa ń rí? Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wa tó ka ìwé wọ̀nyí ní sẹ́kọ́ńdírì rántí ni òwe, ẹ̀fẹ̀, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ta bọ́ọ̀lù láti ẹnu kan sí èkejì. Ẹ̀rù ọ̀daràn náà bà wá bó ṣe yẹ.

Ìgbà tí kò yẹ kí á fọ ẹnu mọ́ jù

Òwe kan wà tó yẹ kí á gbé sí ẹ̀gbẹ́ òwe ààbọ̀ ọ̀rọ̀: àdàpè olè ni "ọmọ mi ń fẹ́wọ́." Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun burúkú mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ olè ló ń gbè.

Ìwé eré Àkínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde ní 1970, dá lórí Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874. Nínú eré náà, obìnrin yìí le koko mọ́ ẹrú, ẹnu rẹ̀ sì le bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe le. Bí a bá fọ ẹnu yẹn mọ́, tí Ìyálóde wá ń bá ẹrú sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé, òǹwòran kò ní mọ ìdí tí ẹrú fi dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ìwà ìkà rẹ̀ á pòórá. Níbẹ̀, èébú ń ṣiṣẹ́: ó ń jẹ́ kí á mọ ohun tí ẹni tí a ń bú ń fojú rí. Bí ọmọ wa kan bá kọ ìtàn nípa ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé nítorí orúkọ Yorùbá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á ní kí ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́yà náà di oyin.

Ẹ má sì jẹ́ kí á rò pé ọ̀rọ̀ mímọ́ kì í dun ènìyàn. Ní 1964, Hubert Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú nípa ìjà àwọn olóṣèlú wa. Òwe àti orin ló fi ṣe é. Ó dun ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, ó sì di 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ilé ẹjọ́ pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n. Ní 1959, ẹjọ́ kan dé ilé ẹjọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ẹnìkan pe ẹnìkejì ní olè àti ẹlẹ́wọ̀n nígbà tí wọ́n ń jà. Adájọ́ ní èébú ìbínú lásán ni, kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́, torí ẹni tó gbọ́ ọ níbi ìjà kò ní gbà á gbọ́ bí òótọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, bí ènìyàn bá fara balẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, á di ẹjọ́ mìíràn.

Amẹ́ríkà tí a ń gbé yìí náà jà á

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní 1930, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Hollywood fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní òfin Hays, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un ní 1934. Ó ka ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ léèwọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Gone with the Wind ní 1939, àríyànjiyàn ńlá ni kí "damn" tó lè dúró nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére Rhett Butler. Ní 1948, Norman Mailer kọ ìwé kan nípa àwọn ológun, The Naked and the Dead. Ọ̀rọ̀ tí ológun ń sọ jù kò ṣeé tẹ̀ nígbà náà, ó wá kọ "fug" dípò rẹ̀ jálẹ̀ ìwé. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tó ní lọ́kàn, ọ̀pọ̀ sì fi í rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ọ̀nà Thomas àti Fágúnwà sàn jù. Mailer bo ojú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ lójú ìwé lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Àwọn ti wa wá ọ̀nà mìíràn tí ìbínú lè gbà jáde.

Ohun tí a máa ṣe

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ ìtàn lọ́dún yìí, mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí èébú tó wọ inú ìwé yín.

Ìkíní: ta ló ń sọ ọ́, kí ni èébú náà sì sọ fún wa nípa rẹ̀? Bí kò bá sọ nǹkankan, ẹ yọ ọ́.

Ìkejì: ṣé ààbọ̀ tó? Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: "Awakọ̀ náà la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀, ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn fi iborùn dí ọmọ ọmọ rẹ̀ létí." N kò kọ ọ̀rọ̀ rírùn kankan, ẹ sì ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí á gbọ́ ohùn awakọ̀ náà gan-an, ẹ dá èébú tiyín: "Wo orí bí ìkòkò tí amọ̀kòkò mọ nígbà tí oorun ń kùn ún!" Yorùbá gba irú eléyìí dáadáa, ẹ̀rín á sì pa òǹkàwé.

Ìkẹta: ṣé èébú ni àbí èpè? Èpè kì í ṣe ohun eré. Bí ẹni inú ìtàn yín bá ṣẹ́ èpè, ẹ jẹ́ kí ìtàn náà mọ̀ pé nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀. Kí ẹnìkan dáhùn, kí àgbà kan dá sí i, kí ẹni tó ṣẹ́ ẹ kábàámọ̀ tàbí kí ó jìyà rẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá kì í gbójú fo èpè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ nítorí èébú inú ìtàn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn náà dé òpin, kí ẹ sì bi ọmọ léèrè ìdí tó fi fi í síbẹ̀. Bí ó bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún yín, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ wa ń so èso. Ẹ sì jẹ́ kí á fi Yorùbá jí wọn láàárọ̀, kí á fi yìn wọ́n nígbà tí abọ́ kò fọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ oríkì rẹ̀ nílé á mọ ìwọ̀n èébú fúnra rẹ̀, kò sì ní pẹ́ kó tó mọ èyí tó yẹ ìwé àti èyí tó yẹ kó kú sẹ́nu.

Àwọn ìtàn yín ni mo ń retí o.